Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ó ṣì dáa kí difẹ́ńdà dúró sí kílọ́ọ̀bù ìlú ẹ̀ títí táá fi fẹ̀yìntì?

Bọ̀dá_Panṣẹ́kẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà wá láàmú nílé, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù dénú pọ̀ níbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbá sẹ́ńtà bàkì fún kílọ́ọ̀bù kan l'Abẹ́òkúta wa níbí, mi ò ní dárúkọ wọn o, kì í ṣe kílọ́ọ̀bù ńlá, líìgì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbá. Ibẹ̀ ló wà látìgbà tó ṣì wà ní JSS, òun náà ni balógun wọn báyìí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Sunday ẹ máa rí jẹ́sì gbogbo ẹgbẹ́ lórí okùn lẹ́yìnkùlé, láti ti gókípà dé ti ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, òun ló ń fọ gbogbo ẹ̀, ọṣẹ ìyá ẹ̀ ló sì fi ń fọ̀ ọ́, ìyẹn nìkan ti fa ìjà nínú ilé yẹn àìmọye ìgbà.

Ohun tó wà ńlẹ̀ báyìí ni pé bọ̀dá kan yọjú, ó ní éjẹ́ńtì lòun, pé òun rí ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọ̀, òun lè mú un lọ sí kílọ́ọ̀bù kan lókè òkun, àmọ́ kí wọ́n wá owó ìwé sílẹ̀ ná. Ìyá ẹ̀ ti fẹ́ lọ gba owó àjọ. Ọmọ wá fárígá, ó ní òun ò lọ ibì kankan, Abẹ́òkúta lòun máa gbá bọ́ọ̀lù sí títí irun òun á fi funfun, òun fẹ́ dà bíi Maldini, difẹ́ńdà Milan tí kò gbá fún kílọ́ọ̀bù míì rí. Ìyá ẹ̀ ní ta ló ń jẹ́ Maldini, ṣé òun ló ń bá wọn sanwó iná ni 😂

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Panṣẹ́kẹ́, ariwo sọ. Àwọn kan ní orí ọmọ náà ò pé, àwọn kan ní irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́, ká fi í sílẹ̀. Èmi ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé àwọn tó dúró sójú kan yẹn, ṣé ìfẹ́ ló dá wọn dúró lóòótọ́ àbí nǹkan míì wà ńbẹ̀? Ṣé ó sì lè ṣẹ nílẹ̀ wa níbí? Ẹ dákun ẹ má bú mi.

Gunner_Ìtòkú

Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kọ́mọ dúró jàre. Èmi ò ní lọ jìnnà, Tony Adams, difẹ́ńdà Arsenal, ni màá mẹ́nu bà, ẹ̀yin ará Chelsea ẹ rọra. Romford ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ London náà ni, Arsenal ló wọ̀ lọ́mọdé, 1983 ló kọ́kọ́ gbá fún àwọn àgbà wọn, 2002 ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Arsenal yẹn náà ni. Ó gba líìgì ní 1989, ó gbà á ní 1991, ó gbà á ní 1998, ó tún gbà á ní 2002, gbogbo ẹ̀ òun ni balógun. Kò dẹ̀ dẹrùn fún un o. Ìgbà kan wà tí ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ya etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí i lórí, pápá tó bá wọ̀ wọ́n á máa ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí i. Ó tún lọ ṣẹ̀wọ̀n, ó mutí wa mọ́tò, ìparí 1990 ni wọ́n jù ú sí i. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: nígbà tó jáde, Arsenal ò lé e, wọn ò gba ipò balógun lọ́wọ́ ẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n tún gba líìgì. Lónìí ère ẹ̀ wà níwájú Emirates, pápá Arsenal. Ẹni tí wọ́n bá dúró tì báyẹn, níbo ló tún fẹ́ lọ?

Ọmọ yẹn ti ń fọ jẹ́sì gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Ìyá_Ìbejì_Adátán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gunner, o sọ̀rọ̀ dáadáa àmọ́ o fo ibi tó ṣe pàtàkì. Arsenal ń sanwó fún Tony yín lóṣooṣù àbí wọn ò san? Wọ́n ń san! Kódà nígbà tó ń ṣe ìranù, owó ń wọlé. Bọ̀dá Panṣẹ́kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ yìí ń gbà?

Mo ń bèèrè torí àbúrò mi náà gbá bọ́ọ̀lù, difẹ́ńdà náà ni, kílọ́ọ̀bù tí mi ò ní dárúkọ, àwọn yẹn jẹ ẹ́ lówó oṣù títí tí kò fi mọ èyí tó yẹ kó bèèrè mọ́. Tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ wọ́n á ní ṣé ó nífẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀bù ni àbí owó ló wá wá. Ìfẹ́, ìfẹ́! Tí wọ́n bá ti fẹ́ yan èèyàn jẹ báyìí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Orúnkún ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó gbé e dé ọsibítù nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ ló ń wà báyìí, Láfẹ́nwá sí Ìtòkú, ó sì ń rọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu, a dúpẹ́. Ẹ má dá ìyá yẹn lẹ́bi o.

Èyí tó ní kí wọ́n wá owó ìwé yẹn ṣá, olè ni. Mo ti sọ tèmi.

Bọ̀dá_Panṣẹ́kẹ́

Ìyá Ìbejì ẹ ṣeun mà. Kí n má purọ́, owó tí wọ́n ń fún un, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá borí wọ́n máa ń fi nǹkan díẹ̀ kún un, tí wọ́n bá fìdí rẹmi gbogbo èèyàn á dákẹ́ lọ sílé. Ìwé kankan ò sí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní ọ̀gá tó ni kílọ́ọ̀bù yẹn ló san WAEC òun, òun ò lè fi í sílẹ̀ báyẹn.

Rossoneri_Láfẹ́nwá

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sún mọ́lé kí èmi ọmọ Milan sọ̀rọ̀, torí ọmọ ti dárúkọ ọ̀gá.

Paolo Maldini, Milan ni wọ́n bí i sí ní 1968. Bàbá ẹ̀ Cesare ti jẹ́ balógun Milan ṣáájú ẹ̀, òun ló gbé ife Yúróòpù sókè fún wọn ní Wembley ní 1963. Ọmọ wọlé ní January 1985, wọ́n ń gbá pẹ̀lú Udinese, ọmọ ọdún 16 ni, wọ́n gbé e wọlé lẹ́yìn ìsinmi, kò dẹ̀ jáde mọ́ títí di 2009. 902 ni gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá fún wọn. Líìgì 7, ife Yúróòpù 5. Ní 2003 òun náà gbé ife yẹn sókè bíi bàbá ẹ̀, ilẹ̀ England náà ni, Manchester lọ́tẹ̀ yìí, ogójì ọdún géérégé sí ti bàbá. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ níbí á rántí ẹ̀, Juventus ni wọ́n nà ní pẹ́náátì, bọ́ọ̀lù tó sunni lójú bẹ́ẹ̀ mi ò rí i rí, síbẹ̀ mo wò ó tán.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ẹsẹ̀ ẹ̀ o! Lẹ́ftì bàkì ló wá fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ gbá. Nígbà tí eré ẹsẹ̀ dín kù ó wọ àárín, ó di sẹ́ńtà bàkì, ó tún fi lo ọ̀pọ̀ ọdún. Wíńgà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, eré ni gbogbo oúnjẹ ẹ̀, tí eré bá ti lọ ó tán. Difẹ́ńdà máa ń fi ojú gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tó ni ín tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ wo 2005 ní Istanbul, àṣekágbá ife Yúróòpù pẹ̀lú Liverpool, ó ti lé ní 36, òun ló gbá góòlù wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan tí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin Liverpool, mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, ẹ dúró.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ rèé. Ọjọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn nílé, May 2009, pẹ̀lú Roma, lẹ́yìn gbogbo nǹkan yẹn, ó ń yí pápá ká láti dágbére, àwọn kan nínú fáàn Milan fúnra wọn, àwọn tó máa ń jókòó sí Curva Sud, ni wọ́n ń súfèé sí i, wọ́n na aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí sókè láti fi bú u. Torí pé ó ti bá wọn wí láwọn ìgbà kan. Ọdún 24 o. Mo bínú lọ́jọ́ yẹn débi pé n kò lè jẹun. Nọ́ńbà 3 ẹ̀ wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n ní àyàfi ọmọ ẹ̀ ló lè wọ̀ ọ́, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ìfé yẹn ṣì wà létí mi.

Ẹ tún gbọ́ ti Baresi, bàbá gbogbo wọn. Inter ò mú un nígbà tó lọ tíráyà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Giuseppe ni wọ́n mú, òun wá sí Milan. Ní 1980 wọ́n lé Milan lọ sí Serie B, líìgì kejì ilẹ̀ Italy, torí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, wọ́n padà wá, 1982 wọ́n tún já, lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ wọn gan-an ló já wọn. Baresi ò lọ ibì kankan, ó bá wọn lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. 719 ló gbá kó tó fẹ̀yìntì ní 1997. Nítorí náà ká má sọ pé ife ló dá wọn dúró, nígbà yẹn ife kankan ò sí nílẹ̀.

Kop_Òkè_Ìléwó

Rossoneri, Istanbul lo fẹnu ara ẹ pè é o 😂😂 3-0 ni yín, ẹ ti ń jó, a dá a padà sí 3-3, a sì gba ife ní pẹ́náátì. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ difẹ́ńdà tó dúró nílé, ẹni tó dá yín lẹ́kun lọ́jọ́ náà gan-an ni, Jamie Carragher, Bootle ni wọ́n bí i, ibẹ̀ sí Anfield kò ju kéèyàn fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ wo fídíò yẹn dáadáa, àfikún àkókò, iṣan ti ká a lẹ́sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù kan, ó ṣubú, ojú ẹ̀ fún pọ̀, ó tún dìde, ó tún na ẹsẹ̀ náà sí òmíì. Mi ò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ rí lórí pápá.

737 ló gbá fún wa, kò gba líìgì rí láyé ẹ̀. Èyí tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Everton ló ń tẹ̀lé ní kékeré! Nítorí náà tí wọ́n bá ní ìfẹ́ láti inú oyún, kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á tọ́jú ló di tiẹ̀.

Bàbá_Kútọ̀

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú òru. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, Milan, Arsenal, Liverpool, kò sẹ́ni tó rántí ilé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ká ní ọmọ yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ká ní ó wọ Abiola Babes, kílọ́ọ̀bù Abẹ́òkúta wa nígbà náà, ká ní ó búra pé òun ò ní kúrò ńbẹ̀ láéláé, níbo ni ì bá wà lónìí?

Ẹ̀yin kan ò mọ Babes. Ìyá mi tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, tí kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mọ orúkọ Babes. Challenge Cup, ife tí àwọn kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà ń dù, ti 1984, Leventis United ti Ìbàdàn ló gbà á, wọ́n na Babes ní àṣekágbá. 1985 ó di tiwa. 1986 Leventis tún gbà á. 1987 ó tún padà di tiwa. Ọdún mẹ́rin, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n ń jù ú sí ara wọn lọ́wọ́, gbogbo Nàìjíríà tó kù ń wòran. Ẹ sọ fún mi, nínú kílọ́ọ̀bù méjèèjì, èwo ló kù? Kò sí Leventis, kò sí Babes. Owó ẹnì kan tàbí owó kọ́ńpìnnì kan ló gbé wọn ró, nígbà tí owó náà kúrò ńbẹ̀, ó parí. New Nigeria Bank ti Bìní náà wọgbó. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà ńbẹ̀, ẹ ò lè sọ pé wọ́n já kílọ́ọ̀bù sílẹ̀. Kílọ́ọ̀bù ló já wọn sílẹ̀.

Ohun tí gbogbo yín ò wò nìyẹn. Arsenal wà kí wọ́n tó bí Adams, ó wà lẹ́yìn tó lọ. Ẹni tó máa dúró sójú kan, ojú kan náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ wa. March 1980, National Stadium Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria 3-0, ìgbà àkọ́kọ́ tá a gba ife Áfíríkà. Ta ló gbá a wọlé? Segun Odegbami méjì, Muda Lawal ẹyọ kan. Ọmọ Ẹ̀gbá làwọn méjèèjì! Muda, mẹkáníìkì ni kí bọ́ọ̀lù tó gbé e, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i. Níbo ni wọ́n ti di ẹni tí ayé mọ̀? Shooting Stars, Ìbàdàn. Odegbami ò gbá fún kílọ́ọ̀bù míì títí tó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó dúró sójú kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú baba ẹ̀. Ẹni tó gbé ife yẹn sókè lọ́jọ́ náà, difẹ́ńdà ni, Christian Chukwu ti Rangers Enúgù, Chairman là ń pè é, 2025 ló kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Títí ayé tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Chukwu, Rangers ló máa tẹ̀ lé e. Rangers ṣì wà. Torí ẹ̀ ni.

Mi ò sọ pé kọ́mọ lọ, mi ò sọ pé kó dúró. Ẹ bi ọ̀gá tó san WAEC yẹn léèrè pé tí òun bá jí lọ́la tí kò ní owó mọ́, ta ló máa gbé kílọ́ọ̀bù náà.

Ìyá_Ìbejì_Adátán

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn sà. Ẹ bá mi sọ fún Gunner.

Gunner_Ìtòkú

Mo gbọ́ mà, mi ò jiyàn. Àmọ́ Bàbá, ṣé Remo Stars ò sí nítòsí ni? Ìkẹ́nnẹ́ rèé, líìgì 2024/25 àwọn ni wọ́n gbà á. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn lè dúró nílé kó gba líìgì Nàìjíríà báyìí.

Bàbá_Kútọ̀

Mo mọ Remo Stars, mo sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n Rẹ́mọ nìyẹn, Abẹ́òkúta là ń sọ. Gateway tiwa ńkọ́? Ó gòkè, ó já, ó gòkè, ó já. Àwa ò ṣe ìlara o, a kàn ń jowú díẹ̀.

Kóòṣì_Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Difẹ́ńdà kì í dá kọ́ṣẹ́. Àwọn sítáráíkà tó ń kojú ló ń kọ́ ọ níṣẹ́. Carragher yẹn, ó wà nílé ìyá ẹ̀, àmọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé Henry, Drogba, Rooney wá bá a nílé. Kò nílò kó lọ ibì kankan, ayé ló ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọmọ yín tó wà ní líìgì ìsàlẹ̀, ta ló ń bá a níbẹ̀? Àwọn kan náà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ti mọ gbogbo wọn, ó ti mọ ẹni tó máa ń yà sósì, ó ti mọ ẹni tí kò lè fi orí gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ìlú á máa patẹ́wọ́ fún un pé kò sẹ́ni tó lè kọjá lára ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá kojú ẹni tó mọṣẹ́, á máa wò ó lẹ́yìn ni. Mo ti rí i lójú ara mi, ọmọ tó ń ṣe bẹbẹ ní pápá Ìjẹ̀jà, a gbé e lọ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kílọ́ọ̀bù NPFL kan, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, kò mọ ibi tí ìdí ẹ̀ wà.

Kó dúró nílé kò burú, àmọ́ kí ilé náà máa gòkè pẹ̀lú ẹ̀. John Trollope rèé, ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, lẹ́ftì bàkì Swindon, abúlé kan ní ẹ̀gbẹ́ Swindon ni wọ́n bí i, 1960 sí 1980 ló fi gbá fún wọn, 770 nínú líìgì nìkan, nínú líìgì England kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Swindon o, kì í ṣe Man U. Ní 1969, líìgì kẹta ni wọ́n wà, wọ́n lọ na Arsenal 3-1 ní Wembley, wọ́n gba League Cup. Gunner, má bínú.

Ohun kan tún ni ara. Ledley King, difẹ́ńdà Tottenham, London ni wọ́n bí i, kílọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ débi pé kì í bá wọn ṣe tíréènì, ó kàn máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ eré ni, síbẹ̀ balógun ló jẹ́ nígbà tí wọ́n gba League Cup 2008. Ta ló lè gba irú ẹ̀ láàyè níbí? Dókítà wà, yàrá ìtọ́jú wà, wọ́n sì ní sùúrù. Ní tiwa, ọmọ á ní orúnkún ń dun òun, wọ́n á ní kó lọ fi àbọ́níkì pa á.

Gunner_Ìtòkú

Kóòṣì, 1969, wọn ò tíì bí bàbá mi gan-an 😂 ẹ jẹ́ n sinmi.

Amòfin_Ògùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bọ̀dá Panṣẹ́kẹ́ bèèrè bóyá ìfẹ́ nìkan ló dá wọn dúró. Trollope tí Kóòṣì dárúkọ yẹn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England ni pé tí kọ́ńtíráàtì rẹ bá tilẹ̀ parí, kílọ́ọ̀bù rẹ ṣì lè di ìwé rẹ mú, o ò lè lọ ibòmíì àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ. Owó náà ní òdiwọ̀n, £20 lọ́sẹ̀ ló pọ̀ jù, títí di 1961 tí wọ́n fi fagi lé e. Ẹnì kan tó ń jẹ́ George Eastham ló gbé Newcastle lọ sí kóòtù, 1963 ni adájọ́ sọ pé dídì tí wọ́n ń di ìwé èèyàn mú yẹn kò bófin mu. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bèèrè owó lórí ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ti parí, ó di 1995 tí Bosman, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Belgium kan, borí ní kóòtù Yúróòpù kí ìyẹn tó dópin. Nítorí náà lára àwọn ará àtijọ́ tẹ́ ẹ̀ ń yìn, okùn wà lọ́rùn ẹlòmíì. Àwọn tí mo máa ń kan sáárá sí ni àwọn tí ilẹ̀kùn ti ṣí fún tí wọn ò jáde, bíi Maldini àti Carragher lẹ́yìn 1995.

Ó kan ti ọmọ yín. Ẹ fi sọ́kàn:

Éjẹ́ńtì yẹn, láti October 2023 FIFA ní éjẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, ìdánwò ni wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó fún wọn, orúkọ àwọn tó ní in sì wà lórí wẹ́ẹ̀bù FIFA, ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí fóònù. Ẹ bèèrè nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ẹ̀. Éjẹ́ńtì gidi, nínú ohun tí ọmọ bá gbà ló ti ń jẹ tiẹ̀, kì í ṣe kí ìyá ọmọ gba àjọ fún un.

Ti kílọ́ọ̀bù ńkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin FIFA sọ pé tí kílọ́ọ̀bù bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, kó kọ lẹ́tà fún wọn, kó fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án, tí wọn ò bá san án ó lè fi kọ́ńtíráàtì sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n jẹ ní gbèsè nígbà tí ìwé kankan ò sí? Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó oṣù.

Ìkẹta, ọmọ yẹn lérò pé tí òun bá lọ, òun ti já ọ̀gá tó san WAEC kulẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n máa ń pín fáwọn kílọ́ọ̀bù tó tọ́ ọ dàgbà láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Kílọ́ọ̀bù yín l'Abẹ́òkúta níbí lè rí nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ti forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù kékeré wa kì í ṣe é, owó ńlá ń kọjá lórí wọn.

Rossoneri_Láfẹ́nwá

Amòfin, ẹ kú ọpọlọ. Èmi ò mọ ti ìdá 5 yẹn rí.

Bọ̀dá_Panṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣé púpọ̀ o, gbogbo yín pátá. Mo ka ti Bàbá Kútọ̀ àti ti Amòfin fún ọmọ náà sétí, ìyá ẹ̀ náà jókòó. A pe éjẹ́ńtì yẹn lórí fóònù, a ní kó fún wa ní nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nígbà tó yá ó ní ṣé à ń fura sí òun ni, pé àwọn ọmọ míì wà tí wọ́n ń bẹ òun. A ní kó lọ bá wọn. Ìyá ẹ̀ ti dá owó àjọ padà sáyè ẹ̀.

Ní ti kílọ́ọ̀bù, ọmọ ní òun ṣì fẹ́ dúró, àmọ́ ó gbà pé òun máa lọ bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì forúkọ òun sílẹ̀. Ó ń tijú, ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó lọ́dọ̀ ẹni tó san WAEC. Mo ní èmi náà á tẹ̀ lé e. Kóòṣì, ọ̀rọ̀ yín dùn ún o, ó ní ẹ ò tíì rí òun gbá bọ́ọ̀lù rí ni.

Amòfin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: tí ọ̀gá bá gbà, tó kàn kọ ọ́ sórí ìwé lásán, tí kò sí ti lọ́yà ńbẹ̀, ṣé ó ṣeé tẹ̀ lé? Iye ọdún wo ni ká ní kó fọwọ́ sí?

Amòfin_Ògùn

Ó sàn ju ẹnu lásán lọ. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà ńbẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, iye owó lóṣù, ọjọ́ tí wọ́n á máa san án, ẹni tó máa sanwó ọsibítù tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn tó gbẹ̀yìn yẹn ẹ má fò ó. Kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ọmọ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan wà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀. Ọdún 5 ni FIFA fàyè gbà jù, tí ọmọ ò bá tíì pé 18 kò gbọ́dọ̀ ju 3 lọ. Ní tèmi, ọdún 2 tó fún un. Tó bá parí tí wọ́n bá ṣe dáadáa sí i, wọ́n lè tún òmíì ṣe.

Kí ẹ̀yin náà mú ẹ̀dà tiyín lọ sílé, ẹ má fi sínú ọ́fíìsì wọn.

Kóòṣì_Ọbáńtokò

Ẹ ní kó wá bá mi ní Saturday ní aago 7 àárọ̀. Mo ní sítáráíkà kan tó fẹ́ pàdé ẹ̀.